Pọ́líìṣì wo lẹ ń sọ?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń ba tábìlì jẹ́ nínú ilé wa ju omi lọ. Pọ́líìṣì ni. Káfíńtà á gbé àga dé, á ní òun ti fi pọ́líìṣì pa á. Ìyá tó ń ta nǹkan ìtọ́jú ilé lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà á na agolo sí yín, á ní pọ́líìṣì rèé. Ẹ dé ilé ìtajà ńlá, èyí tó ń fọ́n ṣìì látẹnu ike, pọ́líìṣì lórúkọ tiẹ̀ náà. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n dárúkọ yẹn. Ti káfíńtà ni awọ tó bo igi. Ti inú agolo sábà máa ń jẹ́ ìda, ìpara tí à ń fi ra awọ yẹn. Èyí tó ń fọ́n, òróró tó ń dán lójú fún ọjọ́ díẹ̀ ni, òmíràn sì ní sílíkóònù nínú. Ẹni tí awọ tábìlì rẹ̀ ti ṣí, tó wá ń fi ìpara wá a, owó ló ń ná dànù.

Iṣẹ́ àga ṣíṣe àti àga títúnṣe ni mo ń ṣe ní Iléṣà, ọwọ́ bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ. Bí mo bá ní àǹfààní láti sọ ohun kan ṣoṣo fún gbogbo onílé, ohun tí n ó sọ ni pé igi kọ́ lẹ ń nù láràárọ̀, awọ orí igi ni. Ẹ mọ irú awọ tó jẹ́ kí ẹ tó fi ohunkóhun kàn án.

Lóṣù Ṣẹ́rẹ́, màmá kan ní àdúgbò Ìsọ̀kùn ránṣẹ́ pè mí nítorí tábìlì àárín pálọ̀ wọn. Ọ̀gànwó gidi ni, ọkọ wọn tó ti dolóògbé ló ní kí wọ́n kàn án nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kó wọlé. Mo fi ìka kan ojú rẹ̀, ìka náà lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀ kó tó já, àmì ìka mi sì dúró síbẹ̀.

"Ọmọ mi, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń fi pọ́líìṣì nù ún, ó kàn ń burú sí i ni."

"Pọ́líìṣì wo ni, Mà?"

Wọ́n wọ kíṣìnì, wọ́n kó nǹkan mẹ́ta jáde. Ike tó ń fọ́n wà níbẹ̀. Ìgò kẹrosíìnì wà níbẹ̀, wọ́n ní ti kòkòrò nìyẹn. Ẹ̀kẹta jẹ́ òróró ẹ̀pà nínú ìgò kékeré, fún ìgbà tí àlejò bá ń bọ̀ tí wọ́n fẹ́ kí tábìlì dán. Lójú tábìlì náà, àmì ìdí ife funfun kan wà lápá ọ̀tún, àmì dúdú roboto kan sì wà láàárín, ó tóbi tó ìdí kẹ́tùlù.

Mi ò bá wọn wí, nítorí ohun tí wọ́n ṣe ni ọ̀pọ̀ wa ń ṣe. Mo dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ tábìlì náà, mo wá ibi tí ojú kò tó ṣùgbọ́n tí wọ́n fi awọ kan náà pa. Mo ki òwú bọ sípíríìtì tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń nu ara, mo fi tẹ ibẹ̀, mo ka ení dé ẹẹ́wàá. Nígbà tí mo gbé òwú náà kúrò, ó ti pọ́n rúsúrúsú, ibi tí mo tẹ̀ sì ti ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ṣẹ́lákì ni. Ká ní kò lẹ̀ ni, ǹ bá gbé tínà, omi tí a fi ń po ọ̀dà, dán an wò. Tí tínà bá yọ́ ọ, lákà, irú awọ mìíràn, ni. Tí méjèèjì ò bá ràn án, fánísì tó le ni. Ẹ̀yin náà lè ṣe ti sípíríìtì yìí nílé, kí ẹ ṣáà rí i pé iná kankan kò sí nítòsí, kí ó sì jẹ́ kíkán kan ṣoṣo níbi tó fara sin.

Ṣẹ́lákì ni àwọn àgbà nínú iṣẹ́ wa ń pè ní pọ́líìṣì gan-an. Ara kòkòrò ló ti ń wá. Kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín kan wà ní Íńdíà àti Thailand tó ń fa oje ẹ̀ka igi mu, tó sì ń yọ oje tirẹ̀ jáde bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí oje yẹn bá gbẹ, wọn á ha á kúrò lára igi, wọn á yọ́ ọ, wọn á sẹ́ ẹ, á wá dé ọwọ́ wa bí ìpẹ́ pẹlẹbẹ tó pọ́n bí oyin. A ó rẹ ẹ́ sínú sípíríìtì di ọjọ́ kejì. A ó di òwú sínú àkísà mímọ́ rìbìtì, a ó fi máa ra igi lọ ra á bọ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí ara wọn. Ojú mi ni bàbá mi fi ọjọ́ mẹ́rin ra tábìlì kan ṣoṣo. Tí ó bá jinná, ńṣe ló dà bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ ń ti inú igi jáde bọ̀, kò sí ẹ̀rọ kankan tó tíì ṣe irú ẹ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n sípíríìtì ló yọ́ ọ, sípíríìtì náà ló ń tú u. Ògógóró tó dànù, lọ́fínńdà tí ẹ fọ́n nígbà tí ẹ fẹ́ jáde, sánítáísà ìpawọ́, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú ṣẹ́lákì. Ní 2020, nígbà kòrónà, gbogbo ilé ló gbé ìgò sánítáísà ka orí tábìlì pálọ̀. Tábìlì tí mo tún ṣe lọ́dún yẹn pọ̀, tí àmì àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn dúró sójú wọn gbagidi. Ooru náà kì í bá a rẹ́. Ìkòkò àmàlà tó ń hó kò gbọdọ̀ kan án láé.

Lákà ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń lò báyìí, ẹ̀rọ la fi ń fọ́n ọn, ó sì ń yára gbẹ. Ó fara da omi ju ṣẹ́lákì lọ díẹ̀. Fánísì òde òní le ju méjèèjì lọ, ṣùgbọ́n tí ó bá fi lè họ, kò ṣeé lẹ̀ lójú kan, ó di kí á fi sándípépà bó gbogbo ojú rẹ̀. Àwọn tábìlì olówó pọ́ọ́kú tó jẹ́ pé ìyẹ̀fun igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pọ̀ ni, tí wọ́n wá lẹ bébà alápẹẹrẹ igi mọ́ lójú, wọn ò ní awọ tí à ń sọ yìí rárá. Ẹ ṣáà máa ṣọ́ etí wọn. Tí omi bá gba etí wọlé, á wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì, kò sì ní padà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àmì méjì tó wà lójú tábìlì màmá, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Àmì funfun kò tíì dé inú igi. Omi tàbí èéfín omi gbígbóná ló há sínú awọ, tó jẹ́ kó rí bí ojú tí kùrukùru bò. Nígbà mìíràn, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà ọyẹ́, á gbẹ kúrò fúnra rẹ̀. Tí kò bá lọ, ẹ fi fasilíìnì ra á lálẹ́, kí ẹ nù ún kúrò láàárọ̀. Tí ó bá tún kọ̀, ẹ tẹ́ aṣọ òwú funfun gbígbẹ lé e, kí ẹ gbé áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná jù, tí kò ní omi nínú, gba orí aṣọ náà kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́ta, kí ẹ ṣí i wò, kí ẹ tún ṣe é. Ti màmá lọ lẹ́ẹ̀kẹrin. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Àmì dúdú yàtọ̀ pátápátá. Ìyẹn ti gba inú awọ kọjá, ó ti wọ igi. Irin ló sábà máa ń wà nídìí ẹ̀: ìdí kẹ́tùlù tó ti dípẹtà, agolo mílíìkì tó tutù, abọ́ òdòdó. Ìpẹtà irin àti oje kíkorò inú igi á pàdé nínú omi, wọ́n á di dúdú bí aró. Ẹ ti rí i lára ilẹ̀kùn àtijọ́ tí òjò ń pa, bí igi ṣe ń dúdú yí ìṣó ká. Kò sí ìpara tó lè mú un lọ. A gbọ́dọ̀ bó awọ kúrò, kí á fi ásíìdì kan tí àwa oníṣẹ́ ń lò fọ igi náà, májèlé sì ni ásíìdì yẹn, kì í ṣe ohun tí a ń gbé sílé níbi tí ọmọdé wà. Mo ṣàlàyé fún màmá, mo sọ iye tó máa ná wọn, wọ́n ní àwọn á rò ó.

Kí wá ló ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ lójú tábìlì náà? Òróró ẹ̀pà ni. Òróró oúnjẹ kì í gbẹ bí ọ̀dà ṣe ń gbẹ. Orí awọ ló ń jókòó sí, á di gọ́ọ̀mù, eruku Iléṣà á wá máa lẹ̀ mọ́ ọn, lóṣù mélòó kan á di ìdọ̀tí tó ní òórùn kíkan. Òróró àgbọn, àdín, òrí, ọ̀kan náà ni. Ẹ má tan ara yín pé igi ń "jẹ" òróró. Igi tí awọ bò kò ní ẹnu tí yóò fi jẹ ẹ́. Kẹrosíìnì ní tirẹ̀ ń tú ìda tó wà lójú tábìlì dànù, ó ń fi òórùn àti ewu iná sílẹ̀ nínú pálọ̀, kòkòrò tí ẹ torí rẹ̀ ra á sì wà nínú ihò lọ́hùn-ún, kò mọ̀ pé ẹnì kan ń bá òun jà. Ti sílíkóònù, ọ̀la ló ń bà jẹ́: ọjọ́ tí ẹ bá ní kí n tún awọ pa, ọ̀dà mi á máa sá fún ibi tó wà, á máa ṣe ihò ihò bí ojú ẹja.

Ohun tó tọ́ kò gbówó lórí. Aṣọ òwú rírọ̀ gbígbẹ lójoojúmọ́, ẹ̀wù àtijọ́ dára ju táwẹ́ẹ̀lì lọ. Tí ìdọ̀tí bá lẹ̀, ẹ kán ọṣẹ ìfọwo díẹ̀ sínú omi, ẹ ki aṣọ bọ̀ ọ́, ẹ fún un títí omi kò fi ní kán mọ́, ẹ nu tábìlì, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀. Ìda inú agolo, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ti tó; kí ó fẹ́lẹ́, kí ẹ fi nǹkan bí ìdajì wákàtí sílẹ̀, kí ẹ wá fi aṣọ mìíràn dán an. Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ nípa rẹ̀: òróró línsíìdì, tí àwọn kan fi ń pa igi tí kò ní awọ. Òun ń gbẹ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ń gbẹ ló ń mú ooru wá. Àkísà tó rin fún un, tí ẹ ká jọ sínú garawa, lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ìṣáná. Ẹ na án sórí okùn níta títí yóò fi gan, tàbí kí ẹ rì í sínú omi. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá.

Igi fúnra rẹ̀ kò dákẹ́ lábẹ́ awọ. Ó ń mu omi inú afẹ́fẹ́ nígbà òjò, á wú. Ó ń tú u sílẹ̀ nígbà ọyẹ́, á sún kì. Ìbú ló ń tóbi tó sì ń kéré, gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ìdí nìyí tí dúrọ́ọ̀ fi ń há lóṣù Agẹmọ, tí ẹ ó máa fà á bí ẹní fa ẹran nínú oko, tó sì ń yọ́ bọ́ọ́ lóṣù Ọ̀pẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ẹnikẹ́ni kó wá fá a nígbà òjò. Ohun tó bá fá lóṣù Agẹmọ, ààyè tí yóò máa ṣí sílẹ̀ nígbà ọyẹ́ nìyẹn. Ẹ fi àbẹ́là ra ojú ọ̀nà tó ń gbà, ó tó. Ẹ má sì gbé igi sí ojú fáànù tàbí ẹnu ẹ̀rọ amúlétutù, tàbí ibi tí oòrùn ojú fèrèsé ti ń jó apá kan rẹ̀. Oòrùn ń pa àwọ̀ igi dà. Ìrókò tuntun pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹyin, kó tó di odindi ọdún á ti dúdú díẹ̀. Ibi tí ẹ gbé àwòrán kalẹ̀ sí lórí rẹ̀ láìgbé e kúrò yóò yàtọ̀ sí ìyókù.

Ti kòkòrò, ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó wọlé yín. Ikán ń ti ilẹ̀ wá, ẹ ó rí ọ̀nà amọ̀ tó fà sára ògiri tàbí ẹsẹ̀ àga. Ẹni tó bá tọ́jú àga láì tọ́jú ilẹ̀ kò tíì ṣe nǹkan kan. Tí ẹ bá rí ìyẹ̀fun kúnná bí èlùbọ́ tí a kù, tí ihò rẹ̀ kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, kòkòrò ajẹgi ni, ihò yẹn sì ni ẹnu ọ̀nà tí ó gbà jáde, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì lè wà nínú. Ara funfun tó wà lẹ́bàá èèpo igi ló fẹ́ràn, nítorí oúnjẹ wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n á fi jẹ etí àga ìrókò tán tí wọn ò ní fọwọ́ kan àárín rẹ̀, tí wọ́n á sì jẹ arère láti òkè délẹ̀. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń parí ẹ̀kọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n ń ta bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì wọn, ẹni tó bá fẹ́ rà á kí ó yí i dojú dé, kí ó gbá a ní ẹ̀ṣẹ́ lórí bébà funfun. Ìyẹ̀fun tó bá já sílẹ̀ á sọ̀rọ̀.

Ó wá ku àga onítìmùtìmù. Awọ tirẹ̀ ni aṣọ, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé fóòmù wà nísàlẹ̀, fóòmù a sì máa mu omi bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ẹ lè fọ aṣọ kó mọ́ tónítóní, kí fóòmù abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù lọ́jọ́ kẹta, kí èbu bẹ̀rẹ̀. Òórùn tí pálọ̀ ń rùn nígbà òjò, inú fóòmù ló ti sábà máa ń wá. Nítorí náà, ìfófòó ọṣẹ ni kí ẹ lò, kì í ṣe omi rẹ̀, kí ẹ sì tan fáànù sí i títí ìsàlẹ̀ yóò fi gbẹ.

Ẹ wo abẹ́ tìmùtìmù bí àga náà bá jẹ́ ti òkè òkun, ẹ lè rí lẹ́tà kan. W túmọ̀ sí pé omi lè kàn án. S túmọ̀ sí pé kí omi má kàn án, oògùn ìfọṣọ tí kò ní omi ni, ẹ gbé e fún àwọn tó mọ̀ ọ́n. WS gba méjèèjì. X, kò gba èyíkéyìí, ẹ̀rọ ìfàdọ̀tí tàbí búrọ́ọ̀ṣì nìkan. Èyí tí a rán ní Ẹrẹ́jà, ní Iléṣà níbí, kì í ní lẹ́tà, ẹ fi aṣọ funfun tútù tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tó fara sin. Tí àwọ̀ bá ràn mọ́ aṣọ funfun, ẹ má jẹ́ kí omi dé iwájú.

Epo pupa ni ẹjọ́ tí wọ́n ń gbé wá jù, pàápàá lára aṣọ àrán. Ìjẹ̀ṣà mọ iyì aṣọ, àwọn oníṣòwò wa tí wọ́n ń pè ní Òṣómàáló ló gbé e káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, nítorí náà mo mọ bó ṣe ń dun ènìyàn. Ẹ má fi ọwọ́ ra á. Ṣíbí ni kí ẹ fi kó epo tó wà lókè, láti etí wá sí àárín. Ẹ da páúdà ọmọdé lé e nípọn, ẹ lọ jẹun, kí ẹ padà wá gbọ̀n ọ́n kúrò. Ó ti mu púpọ̀ níbẹ̀. Ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni ìfófòó ọṣẹ ìfọwo, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́, kí ẹ má fọ̀ ọ́ bí ẹní fọ ìdí ìkòkò. Pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó bá ṣẹ́kù, ẹ gbé tìmùtìmù náà sí oòrùn àárọ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì. Oòrùn ń pa pupa epo. Ẹni tó ti sá aṣọ funfun tí epo ta sí rí mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ o, oòrùn kan náà yóò pa àwọ̀ àrán. Tí ó bá gbẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ da irun rẹ̀ sí ibi tó ń dojú kọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ní tirẹ̀, omi tútù nìkan. Omi gbígbóná ń sè é mọ́ aṣọ ni.

Lẹ́dà tó ń bó ń bà mí nínú jẹ́. Èmi alára ra àga mẹ́fà lọ́wọ́ ọlọ́jà kan tó fi ẹnu rẹ̀ búra pé awọ màlúù ni, kí n tó mọ nǹkan tí mo mọ̀ lónìí. Ọdún kẹta ló bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí ara tí oòrùn pa, ọ̀pá ọwọ́ àga ló ti bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ́ sórí aṣọ ni. Ooru, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wa àti òógùn ara ènìyàn ló ń já a. Kò sí ìpara, òrí tàbí fasilíìnì tó lè dá a padà, owó tí ẹ fẹ́ fi ra wọn, ẹ fi sínú aṣọ tuntun. Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ wo ibi tí wọ́n ti gé e lábẹ́ àga. Tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá jẹ́ aṣọ híhun, rọ́bà ni. Awọ gidi ní irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́yìn bí ẹ̀yìn bàtà awọ.

Kí ẹ tó ju àga àtijọ́ nù, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, kí ẹ mì í. Tí egungun rẹ̀ bá dúró gírí, tí kò dún, aṣọ àti fóòmù nìkan ló gbó, iye tí a ó gbà rán an kò tó ìdajì àga tuntun tí egungun rẹ̀ jẹ́ arère. Bẹ́ẹ̀ ni ti màmá Ìsọ̀kùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n ní kí n wá gbé àga ìrọ̀gbọ̀kú wọn méjèèjì lọ rán, àrán aláwọ̀ ewé ni wọ́n yàn. Mo bi wọ́n léèrè ti àmì dúdú ojú tábìlì.

"Fi ìyẹn sílẹ̀, ọmọ mi. Kẹ́tùlù bàbá àwọn ọmọ ni."

Mo fi ìda ra á, mo dán an, mo gbé àga méjèèjì sínú ọkọ̀.